Orúkọ ta ló wà lórí ìkànnì yín?

Sí Olóòtú,

Mo fẹ́ fi ìwé yìí bá àwọn oníṣòwò kéékèèké àti ẹgbẹ́ tí owó wọn kò pọ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó fẹ́ ní ìkànnì tó gbayì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó kékeré lè ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí ẹwà ni wọ́n ń ná gbogbo rẹ̀ lé, tí orúkọ ìkànnì fúnra rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Orúkọ yìí, tí wọ́n ń pè ní domain, ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ọdọọdún là ń sanwó rẹ̀, a kì í rà á tán. Ẹ béèrè iye tí wọn yóò gbà lọ́dún kejì kí ẹ tó san ti ọdún kìíní, torí ọ̀pọ̀ ló ń fi owó pọ́ọ́kú fa ojú oníbàárà mọ́ra, tí iye náà á sì fò sókè lẹ́yìn ìgbà náà. Orúkọ yín ni kó wà nínú ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó bá yín ṣe ìkànnì. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun ni wọ́n mọ̀ ní olóhun, ọjọ́ tí ìjà bá dé, ọwọ́ yín ṣófo. Ímeèlì tí ẹ ó fi forúkọ sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró lórí domain yẹn kan náà: bí domain bá kú, ímeèlì á bá a kú, ìkìlọ̀ pé kí ẹ wá sanwó kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Bí ojú-ewé márùn-ún tí kì í yí padà lẹ ní, Cloudflare Pages, iṣẹ́ kan tó ń gba ìkànnì sílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú domain yín. (GitHub Pages, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, wà, ṣùgbọ́n àdéhùn rẹ̀ kò gbà kí a fi ṣòwò.) Bí ẹ bá ń tún ọ̀rọ̀ kọ sórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lo WordPress, ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí ìkànnì, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láti 2003, lórí hosting (àyè tí a ń sanwó fún láti gbé ìkànnì sí) tí owó rẹ̀ kéré jù lọ. Ẹ má gba theme (àwòṣe tó ń fún ìkànnì ní ìrísí) olówó gọbọi tí ẹnìkan jí tú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ohun tó ń gba ìkànnì mọ́ni lọ́wọ́ pamọ́ sí. Ẹ má sì ra àṣẹ ààbò https, tó ń dáàbò bo ohun tó ń kọjá láàárín àlejò àti ìkànnì: àjọ Let's Encrypt ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣẹ náà kì í pẹ́ tó fi ń parí, nítorí náà ẹ rí i dájú pé hosting yín ń tún un gbà fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìkìlọ̀ ewu ni àlejò yóò bá lẹ́nu ọ̀nà.

Àwòrán ló ń ba ìkànnì jẹ́ jù. Fọ́tò kan láti inú fóònù lè fẹ̀ tó 4,000 pixel (àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), kó wọn 4 MB. Bí mẹ́fà bá wà lójú-ewé àkọ́kọ́, 24 MB nìyẹn, dátà àlejò ló ń jẹ. Ẹ fi Squoosh, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń dín àwòrán kù, dín ìbú rẹ̀ kù sí 1,600 pixel, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, ní ìwọ̀n dídára (quality) 75. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní tó 300 KB mọ́, ojú kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ ya gbogbo ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà, níwájú ògiri kan náà. Ìṣọ̀kan yìí ló ń jẹ́ kí ìkànnì dà bí iṣẹ́ ọ̀gá, owó kankan ò sì bá a lọ.

Àwọ̀ méjì tó, irú lẹ́tà méjì tó, kí ọ̀rọ̀ má kéré ju 16 pixel lọ. Bó bá jẹ́ Yorùbá lẹ ó fi kọ ọ́, ẹ tẹ “ẹ̀kọ́ ọ̀ṣọ́” sínú theme kí ẹ tó yàn án. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀: ṣe là ń gbé ohùn lé lẹ́tà lórí, nínú irú lẹ́tà tí kò mọ̀ ọ́n gbé, ohùn á ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irú lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans ń gbé e dáadáa. Ẹ sì pa “Hello world!”, àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí WordPress fi síbẹ̀, rẹ́.

Kí ẹ tó san owó tó kù fún oníṣẹ́ náà, ẹ gba ọ̀rọ̀ aṣínà domain, ti hosting àti ti WordPress. Ẹ fi wọ́n wọlé lórí fóònù yín níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì yí wọn padà lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín