Àyìnkẹ́, oṣù àkọ́kọ́ ní kíláàsì kì í ṣe ti kíkọ́ lẹ́tà ABD

Kétu,
Ìparí oṣù kẹjọ

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Inú mi dùn gan-an pé kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fún ọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin). Kí wọ́n tó ṣílé ìwé lóṣù kẹsàn-án, ohun kan ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn: bí a ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń jókòó, bí a ṣe ń fọwọ́, bí a ṣe ń kó nǹkan ìṣeré padà sí àyè rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ní àkókò tiwọn. Ọmọ tó dúró sójú kan nígbà tí o ní kí wọ́n tò, kò ṣorí kunkun sí ọ. Kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní títò ni, àgàgà tó bá jẹ́ Faransé lo fi sọ ọ́.

Má dà gbogbo rẹ̀ bò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mẹ́ta ti tó: ìdágbére lẹ́nu ọ̀nà, ilé ìtọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ fífọ̀, àti ìjókòó lórí ẹní. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ wọn bá ti ń ṣe é láìjẹ́ pé o fà wọ́n lọ́wọ́ ni kí o tó fi ìkẹrin kún un. Àwọn òbí kan yóò wá bi ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì pé lẹ́tà wo lọmọ àwọn ti mọ̀. Dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n lé ọ síwájú. Kíláàsì tí kò bá mọ bí a ṣe ń jókòó kò ní gbọ́ lẹ́tà kankan títí di Kérésì.

Ọwọ́ fífọ̀ ni mo máa tẹnu mọ́, nítorí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń dàrú jù. Lọ́jọ́ kìíní, má lo omi. Jẹ́ kí wọ́n jókòó wò ọ́. Ṣe bí ẹni pé omi wà: ká apá aṣọ rẹ sókè, ṣí ẹ̀rọ, fi omi rin ọwọ́, ti ẹ̀rọ, fi ọṣẹ pa á, fọ inú, fọ ẹ̀yìn, fọ àárín ìka, fi omi ṣàn án, gbọn ọ́n, nù ún. Ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o sì dákẹ́; ojú ni wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ orí yìí, ọ̀rọ̀ púpọ̀ á kó ojú wọn kúrò lára ọwọ́ rẹ. Ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, kí o máa dárúkọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ọmọ méjì ṣe é kí àwọn yòókù máa wò, kí gbogbo wọn wá fi ọwọ́ lásán ṣe é pọ̀. Ọjọ́ kejì ni omi.

Wàá rí i pé àkókò ni ìṣòro. Tí ọmọ 36 bá wà ní kíláàsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lo ìṣẹ́jú-àáyá 40, garawa kan á gba ìṣẹ́jú 24. Ta ni ọmọ ọdún mẹ́ta tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀ láìti ẹnìkejì rẹ̀? Wá garawa ẹlẹ́rọ mẹ́ta, á di ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Omi ìdajì lítà tó fún ọmọ kan, nítorí náà lítà 18 lẹ ó lò lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ pọn òmíràn kí wọ́n tó jẹun. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ ga ju ìgbáròkó ọmọ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gba ìgúnpá ṣàn wọnú aṣọ. Odindi ọṣẹ máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn: gé e sí wẹ́wẹ́, kó o sínú àwọ̀n, so ó mọ́ ọwọ́ garawa. Wọn kò mọ ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó yẹ kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí náà yan orin kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Tí orin bá parí ni kí wọ́n tó ṣan ọwọ́.

Ilé ìtọ̀, má dúró de kí wọ́n bèèrè. Mú wọn lọ tí wọ́n bá dé, kí wọ́n tó jẹun, lẹ́yìn eré, àti kí wọ́n tó sùn. Bẹ ìyá wọn pé ṣòkòtò onírọ́bà ni kí wọ́n wọ̀ fún wọn. Bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì ló ń sọ ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n di ẹni tó tọ̀ sára. Ẹni tó bá tọ̀ sára, pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ láìpariwo. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣẹ̀sín.

Àmì kan ṣoṣo ni kí o fi pè wọ́n jọ. Lu agogo lẹ́ẹ̀kan, kí o dákẹ́, kí o dúró. Tí o bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹta ni wọn yóò máa dúró dè. Ṣùgbọ́n òjò ṣì wà níbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, tó bá sì dé sórí páànù, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ agogo. Láti ọjọ́ kìíní, máa na ọwọ́ méjèèjì sókè bí o bá ti lu agogo, kí ojú wọn náà lè mọ̀ ọ́n. Nígbà òjò yìí kan náà, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ á di ìdàrúdàpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fi ẹfun ya ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n tò wọ́n sórí rẹ̀ ní méjì-méjì.

Àpò ń kọ́? Wọn kò lè ka orúkọ. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwòrán, ẹja, ewé, ẹyẹ, kí ọ̀kan náà wà lára ìkọ́ àpò rẹ̀, ife rẹ̀ àti ẹní rẹ̀. Má fi ìṣó ṣe ìkọ́, torí ó máa ṣe déédéé ojú wọn, ó sì lè gún wọn. Igi tí orí rẹ̀ rí róbótó ló dára.

Nípa ìdágbére, bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ kí ilé ìwé tó wọlé. Kí wọ́n má ṣe yọ́ lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ yọ́ sílẹ̀ lónìí á máa ṣọ́ ilẹ̀kùn lọ́la, kò ní ráyè ṣeré. Baba tó fi ọ̀kadà gbé ọmọ wá, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọmọ lé ọ lọ́wọ́, kí ó sì sọ ẹni tó máa wá mú un. Ó dàbọ̀ kan, ó tán. Kí ó má ṣe padà wá wo ọmọ lójú fèrèsé.

Àwọn ọmọ Ègùn á wà láàárín wọn. Ní kí tàtá, ìyẹn obìnrin tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ ní kíláàsì, kọ́ ọ ní "omi," "ìtọ̀," "ó ń dùn mí," àti "ìyá rẹ ń bọ̀" ní èdè wọn. Sọ ọ́ lédè ilé kí o tó sọ ọ́ ní Faransé, kí bí o ṣe ń fọwọ́ júwe rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kí tàtá náà sì máa ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ bí o ṣe ń ṣe é. Tí ọ̀nà bá di méjì, àwọn ọmọ kò ní mọ èyí tí wọn ó tẹ̀ lé. Kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ara rẹ kò yá lọ́jọ́ kan.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, wọ́n á ti gbàgbé díẹ̀. Fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, láìbínú. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésì, bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Kọ̀wé sí mi ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì. Sọ iye ọmọ tó ṣì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà àti bí ẹkún náà ṣe ń pẹ́ tó, kí n lè mọ èyí tí a ó tún ṣe.

Ìyá rẹ