Inú ni wọ́n gé, wọn ò gé ojú

Òkè Àró,
Àkúrẹ́.
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹsàn-án.

Ṣadé mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. O ní fọ́tò mi ni wọ́n fi hàn ọ́ tí àyà rẹ fi já, pé bóyá àìsàn kan ń jẹ mí lára tí mo ń bò mọ́ ọ lójú. Mo gbọ́ ẹkún nínú ohùn yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Ara mi le. Iṣẹ́ abẹ ni mo lọ ṣe l'Ékòó, wọ́n gé àpòlúkù mi kù kí ara mi lè fúyẹ́. Ó ti di oṣù mẹ́wàá báyìí.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ìwọ wò ó ná: èmi tí mo ti ń gún iyán tà láti ọdún 15 sẹ́yìn, tí mo fi owó iyán rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, ẹnu wo ni n ó fi sọ pé oúnjẹ fẹ́ pa mí? Mo ní n ó pè ọ́ lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ní ó di ìgbà tí mo bá dé. Mo dé tán, ó wá di pé ó ti pẹ́ jù.

O ò mọ bí mo ṣe tóbi tó, torí ojú mi nìkan ni mo máa ń gbé sínú fídíò. Kílò 131 ni mo wọ̀n. Tí mo bá wọ takisí láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàká, awakọ̀ á ní, "Màmá, ẹ ó san ti èèyàn méjì o." Mo máa ń san án láìjiyàn, ó ti dà bí owó orí. Orúnkún ń dùn mí, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀. Ti alẹ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Bàbá Ayọ̀ ní èémí mi máa ń dúró lójú oorun, òun á dìde jókòó, òun á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí n ó fi tún mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ka dé ọgbọ̀n. Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Má rò pé n kò kọ́kọ́ gbìyànjú ohun mìíràn. Mo gbààwẹ̀. Mo mu àgbo tó kórò bí ìjà orogún. Mo gba abẹ́rẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń sọ, semaglutide, fún oṣù mẹ́ta. Ó ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. Owó rẹ̀ ló lé mi sá. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, gbogbo kílò tó ti lọ ló padà wálé, ó tún mú àlejò dání.

Ẹni tí mo bá l'Ékòó, dókítà tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ló ń ṣe, wọ̀n mí, ó wọn gíga mi, ó sì ṣe ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BMI. Tèmi jẹ́ 49. Ó ní 40 ti tó kí àwọn gba èèyàn nímọ̀ràn iṣẹ́ abẹ, àní 35 pàápàá tí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀. Ó wá fi bírò ya àwòrán méjì sẹ́yìn ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á gé nǹkan bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòlúkù sọnù, èyí tó kù á wá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá tí wọ́n gé yẹn ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú omi ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá. Nínú ìkejì, wọ́n á ṣe àpò kékeré bí ẹyin adìyẹ sókè àpòlúkù, wọ́n á wá fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè gba ẹ̀yìn kọjá, bí ìgbà tí ìjọba bá la ọ̀nà tuntun tí ọkọ̀ ò ní gba àárín ìlú mọ́. Ó ní ìkejì yẹn lágbára sí ìtọ̀ ṣúgà, ó sì dára fún ẹni tí àyà máa ń ta, nígbà tí ti àkọ́kọ́ lè mú kí àyà títa burú sí i. Ṣùgbọ́n ìkejì ń fẹ́ àmójútó púpọ̀, torí pé àwọn èròjà aṣaralóore kì í wọ ara dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ro ìrìn Àkúrẹ́ sí Èkó, mo ro ọ̀nà yẹn, mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n mọ̀ pé èyí tí wọ́n bá gé kò ṣeé so padà.

Ó tún bi mí pé, "Ṣé ẹ ó lè máa lo fítámì lójoojúmọ́ títí láéláé?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìyẹn ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ilẹ̀ mi tó wà lójú ọ̀nà Ìdànrè ni mo tà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Ó ní, "O ta ilẹ̀ kí o má baà jẹun? Ṣé o ò lè pa ẹnu dé lọ́fẹ̀ẹ́ ni?" N kò fún un lésì. Ẹni tí kò sanra rí, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nǹkan olómi nìkan ni wọ́n ní kí n máa mu, kí ẹ̀dọ̀ mi lè súnkì, torí ẹ̀dọ̀ tó lọ́ràá máa ń bo àpòlúkù mọ́ oníṣẹ́ abẹ lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Ṣadé, mò ń gún iyán fún oníbàárà, mò ń ro ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, mo sì ń fi ọmọ ilé tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ dùn. Iyọ̀ ò dùn lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n bú mi.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kò ní ìtàn. Mo sùn, mo jí, ihò kéékèèké márùn-ún wà níkùn mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èjìká ló máa dùn mí jù, torí atẹ́gùn tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì fà mí dìde pé kí n máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi lẹ́sẹ̀. Mo bú òun náà nínú mi.

Omi díẹ̀díẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ògì tó ṣàn àti omi ẹja, kó tó kan gbẹ̀gìrì, ẹyin rírọ̀ àti ẹja tí wọ́n fọ́. Wọ́n ní kí n rí i pé purotéènì wọlé, ó kéré tán gíráàmù 60 lóòjọ́. Ẹyin kan, bíi gíráàmù 6. Ìwọ ṣírò rẹ̀. N kò sì gbọdọ̀ fi omi tẹ̀lé oúnjẹ, ó di lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Ọmọ Yorùbá wo ló ń jẹun tí igbá omi kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ ti Oǹdó fún ọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ kí Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. O rántí wọn, àwọn ni wọ́n máa ń di ẹ̀pà sápò wa nígbà tí a wà nílé ìwé. Wọ́n ti lé ní 80 ọdún báyìí, síbẹ̀ wọ́n ní ẹnì kankan ò ní bá àwọn gún iyán. Ìdí odó ni mo ti bá wọn. Iyán náà funfun, kò ní kókó kan ṣoṣo, ẹ̀fọ́ ebòlò pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi tì í. Òórùn rẹ̀ nìkan tó kí èèyàn gbàgbé orúkọ dókítà. Ebi ò pa mí o. Ojú mi ni ebi ń pa. Mo jẹ òkèlè kan, ó lọ. Mo jẹ ìkejì, ó ń lọ. Wọ́n jókòó ń wò mí lẹ́nu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì sáré gbé ìkẹta mì kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó há.

Kì í ṣe èébì lásán ló máa ń tẹ̀lé e. Itọ́ tó ń ru bí ọṣẹ ni, á máa wá, á máa wá, o ò sì lè gbé e mì. Mo fi gèlè bo ẹnu sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo padà dé, Màmá ti gbé abọ́ kúrò. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, kí ni mo fi sínú ọbẹ̀ tí o fi ń tu oúnjẹ mi?" Omi wà lójú wọn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣí aṣọ fi ojú ọgbẹ́ márààrún hàn wọ́n, tí mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó dùn ẹ́?" Nínú gbogbo èèyàn, àwọn nìkan ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí mo bá lọ, abọ́ tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n ń fi bù ú fún mi, òkèlè méjì, ọbẹ̀ púpọ̀, ẹja ńlá. Wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ."

Ti ṣọ́ọ̀bù le jù ìyẹn lọ. Oníyán tó ń rù! Oníbàárà kan tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi tipẹ́ wò mí, ó wo abọ́ rẹ̀, kò padà wá mọ́. Irun mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í já ní oṣù kẹrin. Wọ́n ti sọ fún mi pé yóò rí bẹ́ẹ̀, pé yóò hù padà, ó sì ti ń hù. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n sọ fún l'Ọ́jà Ọba? Wọ́n ní àrùn kògbóògùn ni. Àwọn kan ní mo fi ara ṣe owó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n jáde wá jẹ́rìí bí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 ṣe bá mi yọ ọ̀rá. Mo ní n ó ronú sí i. N kò tíì ronú tán. Nígbà tó sú mi, mo sọ òtítọ́ fún ìyá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjà ti mọ̀ pé wọ́n ti yọ gbogbo ìfun mi. Ó ṣáà dára ju àrùn lọ, àwọn oníbàárà díẹ̀ sì padà wá, bóyá láti wá wo bí ẹni tí kò ní ìfun ṣe ń gúnyán.

Kílò 94 ni mo wà báyìí. Wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi, ti ẹ̀jẹ̀ ríru ku ẹyọ kan. Bàbá Ayọ̀ ò ka ení, èjì lóru mọ́, oorun ló ń sùn, òun ló kù tó ń hanrun. Awọ apá mi ti rọ̀ wálẹ̀ o, n kò ní fi pamọ́ fún ọ, mo ti fi búláùsì alápá kékeré sílẹ̀. Ohun tí n kò sì tíì borí ni pé ọwọ́ mi ṣì ń bu oúnjẹ bíi ti àná. Mo á bù ú, mo á wò ó, mo á dá ìdajì rẹ̀ padà síkòkò. Ojoojúmọ́.

Mo mọ̀ pé o máa béèrè bóyá kí ìwọ náà lọ ṣe é. N kò ní sọ ṣe, n kò ní sọ má ṣe. Bi dókítà rẹ lọ́hùn-ún pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kì í ṣe lọ́jọ́ márùn-ún. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì ń wá ọmọ kejì, sọ fún un, torí wọ́n ní obìnrin gbọ́dọ̀ dúró tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kó tó lóyún.

Ní ti fítámì tí mo fi rẹ́rìn-ín ọjọ́sí: fóònù mi ń ké lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Oògùn irin tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ bá calcium tó wà fún egungun pàdé nínú ikùn, wákàtí méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Èyí ni mo wá fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Calcium carbonate ni mò ń rí níbí, calcium citrate ni wọ́n ní kí n máa lò, torí ó rọrùn fún ikùn tí omi kíkan rẹ̀ ti dínkù. Bá mi ra ìgò méjì, kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Ya àwòrán ara ìgò ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó o. Èyí tí àbúrò mi rà wá láti Ìlú Ọba, ti ọmọdé ni, ó rí rọ́bọ́tọ́ bíi súìtì, Bàbá Ayọ̀ sì ti jẹ ẹ́ dé ìdajì kí n tó mọ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Bùkọ́lá.