Ọ̀já tí kò tíì gbé ọmọ

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ìyá Ìbejì mi,

Okun o! Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́, ṣé òtútù Kánádà ò bá wọn jà? Níbí, ọyẹ́ ti ń yọjú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í rí àwọn òkè tó yí Kàbà ká títí oòrùn á fi ga. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní ṣé ẹ ṣì ń rí iyán jẹ, àbí búrẹ́dì lẹ fi ń tọ́ ọmọ lọ́hùn-ún.

Ohun kan ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí, n kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ojora á mú mi, màá sì yí ọ̀rọ̀ padà. Mo mú ohun kan tó jẹ́ tìrẹ, mo fi sínú ijó, n kò sì tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bó ṣe débẹ̀.

Mo ti sọ fún ọ nípa àwọn ọ̀dọ́ méje tó ń wá bá mi ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Wọ́n mọ ijó jó gan-an, ṣùgbọ́n ijó orí fóònù ni, tí gbogbo wọn á máa ju ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí a gbìyànjú ijó òde òní tó ní ẹ̀dá ìtàn nínú, kí a mú ìtàn kan tó ti wà nílẹ̀, kí oníkálukú gbé ènìyàn kan wọ̀. Ìtàn wo? Gbogbo wọn ní Olúrónbí.

O mọ̀ ọ́n bí a ṣe gbọ́ ọ lábẹ́ òṣùpá. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ lọ bá Ìrókò. Ẹni tó ṣèlérí ewúrẹ́ san ewúrẹ́, ẹni tó ṣèlérí àgùntàn san àgùntàn, Olúrónbí sì ní òun á fi ọmọ tí òun bá bí san án. Ọmọ dé, ó pupa, ó dùn-ún wò, ìyá kò lè fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọjá lábẹ́ igi náà, Ìrókò sọ ọ́ di ẹyẹ. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ agbẹ́gilére ló gbẹ́ ọmọ onígi, ó wọ aṣọ fún un, ó gbé e sí ìdí igi, ìyẹn ni Ìrókò fi tú ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Oṣù kan gbáko ni a fi ṣe ìsọkúsọ. Ẹ̀bẹ̀ dé, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹkún dé, wọ́n fọwọ́ nu ojú. Ọmọ dé, wọ́n ń mi apá bí ẹni tó gbé ọmọ. Ìyá àgbà kan tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé yọjú lójú fèrèsé, wọ́n wò wá títí, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ló dé tí ẹ ò kúkú sọ̀rọ̀? Ṣé ẹ yadi ni?” N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, torí òótọ́ ni ìyá sọ. Ohun tí ẹnu lè sọ wẹ́rẹ́ ni a ń fi ọwọ́ sọ.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Martha Graham, oníjó ará Amẹ́ríkà yẹn. Ní 1947 ó to ijó kan tó pè ní Night Journey, inú ìtàn Oedipus ló ti mú un, ìtàn tí àwa náà mọ̀ torí Ọlá Rótìmí ti sọ ọ́ di ti Ọdẹ́wálé fún wa nínú eré orí ìtàgé rẹ̀ láti 1968. Ọkùnrin tó pa bàbá rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò nínú ìtàn náà. Graham kọjú sí ìyá: Jocasta, ẹni tó di Ojúọlá lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ijó náà ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán. Obìnrin náà ti mọ̀. Ó dúró, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikú ló fẹ́ kú, ìrántí rẹ̀ ni a wá ń wò. Okùn kan ṣoṣo yẹn, òun ni ìwọ́ ọmọ, òun náà ni okùn ikú.

Ìyá Ìbejì, ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wá wo Olúrónbí ní Kàbà ti mọ Olúrónbí kó tó kúrò nílé. Kí ni mo tún ń pa àlọ́ fún un sí? Ó ti bá mi ru ìtàn náà wá. Ohun tí kò mọ̀ ni bí ó ti rí nínú ara obìnrin náà, níbi èjìká, níbi ìbàdí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Mo pa gbogbo ohun tí a ti tò rẹ́, a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀.

Ìrókò ni a kọ́kọ́ mú. Ọmọkùnrin tó ga jù nínú wọn ni mo fún, inú rẹ̀ sì dùn, ó rò pé òun á máa fò, òun á máa ya ojú. Mo ní igi kì í rìn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká, mo ní láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ó bínú sí mi, kódà ó pa Sátidé kan jẹ. Nígbà tó padà dé, mo sọ̀rọ̀ Germaine Acogny fún un, ìyá tí wọ́n bí ní Benin ní 1944, tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ ní Toubab Dialaw ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ní tirẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ni orírun ijó, ejò ìyè ló ń pè é. Igi àràbà pàápàá wà lára àwọn tó fi sọ orúkọ ìgbésẹ̀ ijó rẹ̀. Bí ọmọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ijó sínú ẹ̀yìn ara rẹ̀ nìyẹn. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó gbé apá ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ṣí tẹ̀ lé e, gbọ̀ngàn dákẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ma, ṣé ìkà ni Ìrókò ni? Ṣebí wọ́n ló wá bá a. Gbogbo wọn ló wá tọrọ. Ta ló tún padà wá kí i?” Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ṣíwọ́ yíya ojú.

Mo fẹ́ fi aṣọ ìpò bo ìdí igi náà, aṣọ pupa àwọn ará Bùnú. Mo lọ bá bàbá kan lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní rárá: aṣọ tí a fi ń sin èèyàn ńlá kì í ṣe ohun ìṣeré. N kò bá wọn jiyàn. Ìró pupa lásán ni a rà lọ́jà, ó sì tó.

Ti àwọn obìnrin tó ń jẹ́ẹ̀jẹ́ ló gbádùn mọ́ mi jù. Mo kó àwọn ọmọ náà lọ sí Ògìdì, ìlú Nike Okundaye, ìyá aláàdìrẹ yẹn, kí wọ́n lọ wo àwọn ìyá tó ń wun aṣọ lórí òfì olóòró, èyí tó dúró sára ògiri, tí obìnrin ń jókòó sí iwájú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ya fọ́tò o, kí wọ́n wo ejìká, kí wọ́n wo ibi tí èémí ti ń jáde nígbà tí ìyá bá fi igi pẹlẹbẹ gbá òwú wálẹ̀. Nígbà tí a padà dé Kàbà, mo ní ó yá, ẹ mú òfì kúrò, ẹ mú òwú kúrò, kí ọwọ́ ṣì máa lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un kúrò ní ọwọ́, ẹ fún ìbàdí. Ẹ fún ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tóbi débi tí ẹ ó fi gba gbogbo ilẹ̀. Ó di ẹ̀jẹ́: àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n ń wun ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn níwájú igi. Ọ̀kan nínú wọn ló dábàá pé kí Olúrónbí wá ṣe é padà-sẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ sá, láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń tú aṣọ. Wò ó, ara mi bù máṣọ. Kò sí ẹni tó kúnlẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó nu ojú, ṣùgbọ́n ìyá alákàrà dúró lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Ó ti fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ́ náà o!” Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn.

Ti ọkọ kò ṣòro. Onílù wa ni agbẹ́gilére náà. Ilù rẹ̀ ló fi ń gbẹ́gi.

Olúrónbí fúnra rẹ̀ ló fẹ́ pa mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò tíì bímọ ló ń ṣe é, ojú rẹ̀ ló sì ń fi jó. Mo ní kó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dákẹ́. Mo gbé àpò gàrí kan pọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà ìdánrawò, ó fi jó, ó fi jókòó, ó fi mu omi. Lẹ́yìn wákàtí méjì mo tú u sílẹ̀ lójijì, mo ní kó máa jó lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń wá a. Ó tẹ̀ síwájú fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn láti gbé ìdí ọmọ sókè, kò bá nǹkan kan. Ibi tó ti di ẹyẹ nìyẹn. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Kí ọmọ tó dé, kí ó tó lọ bá igi, ta ni obìnrin yìí? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a, gbogbo ohun tí mo bá tò, irọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ.

Ọdún tí o wá gbé lọ́dọ̀ mi, tí ọdún kẹjọ ti ń lọ tí kò tíì sí ọmọ. Ọ̀já aláró tí ìyá rẹ rà fún ọ nígbà ìgbéyàwó. Ní alaalẹ́, tí o bá rò pé mo ti sùn, o máa ń yọ ọ́ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Wàá ṣẹ́ ẹ sí méjì, wàá ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, wàá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí etí, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbọn eruku tí kò sí níbẹ̀. Wàá dá a padà. Kò ní pẹ́, wàá tún yọ ọ́ wò, bóyá ó ṣì wà bí o ṣe ṣẹ́ ẹ. O kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi rí, èmi náà kò sì jẹ́ kí o mọ̀ pé ojú mi là. Mo máa ń pa ojú dé.

Mo kọ́ ọmọbìnrin yẹn ní i. N kò sọ ẹni tó ni ín. Ìgbà kìíní tó ṣe é, ó kàn dákẹ́, ó jókòó sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ pe ìyá òun.

Nísinsìnyí òun ló bẹ̀rẹ̀ ijó wa. Òun ló sì parí rẹ̀: nígbà tí wọ́n gbé ọmọ onígi sí ìdí igi tòun ti ọ̀já, Ìrókò tẹ̀ wálẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀, ó mú ọ̀já náà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, sí mẹ́rin, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin yẹn ló ro ó fúnra rẹ̀, n kò kọ́ ọ. Nígbà tí a fi han àwọn òbí, onílù kàn fi ilù kọ orin Olúrónbí lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá inú gbọ̀ngàn sì gbè é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n gbè é. A kò tíì lo orin náà látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìtàn Olúrónbí, gbogbo wa la ni ín. Ọwọ́ yẹn, ìwọ nìkan lo ni ín. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti béèrè kí n tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo sì bẹ̀ ọ́, má bínú sí mi. 28 oṣù Kejìlá ni a fẹ́ jó o fún gbogbo ìlú, nígbà tí àwọn ará Àbújá àti Èkó bá ti wálé ọdún. Àwọn ẹbí rẹ á wà níbẹ̀. Bóyá ìyá rẹ á dá ọ̀já náà mọ̀, n kò lè ṣèlérí pé wọn ò ní dá a mọ̀. Tí o bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. N kò ní ohun tí màá fi dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n màá yọ ọ́, n kò ní bi ọ́ ní ìdí, ọ̀rẹ́ wa kò sì ní dín kù.

Tí o bá sì gbà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o là mí lójú sí. Iná kì í sí lọ́pọ̀ alẹ́ yẹn, ojú mi ò sì là tán. Ọwọ́ wo lo fi ń di etí ọ̀já mú, ọwọ́ wo lo fi ń tẹ́ ẹ? Ọ̀tún ni mo fi kọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ fún mi pé òsì ni.

Bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ ní Kàbà.