Àjọkẹ́, Má Fi Eré Ìdárayá Ṣe Ìyà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé? O ní o kì í róorun sùn mọ́, pé bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé ni àyà rẹ ń já. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn oorun kiri Ifẹ̀, gbọ́ tèmi lórí eré ìdárayá.

O lè sọ pé ìrìn tí ò ń rìn láti Mọ́remí, ilé tí ẹ̀ ń gbé ní yunifásítì, dé kíláàsì ti tó. Ara ń jàǹfààní rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọkàn kì í sinmi níbẹ̀: lẹ́kíṣọ̀ lò ń sáré bá, ẹrù ìwé ń wọ̀ ọ́ léjìká. Eré tí o fọwọ́ ara rẹ yàn, tí ẹnikẹ́ni ò lé ọ lọ síbẹ̀, ni ọkàn fi ń sinmi. Nítorí náà, má torí pé ọ̀rẹ́ rẹ ń sáré kí ìwọ náà máa sáré. Bí ijó ló wù ọ́, jó. Kódà tẹ́ń-tẹ́ń tí ẹ máa ń ṣe ní kékeré, eré gidi ni.

Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó wà láàárín ọdún 18 sí 64 máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré tó ń mú èémí yára díẹ̀, tàbí 75 sí 150 bí eré náà bá le, kí ó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu eré tó ń mú èémí yára díẹ̀ yẹn ṣùgbọ́n tí o ò lè kọrin, o wà lójú ìwọ̀n. Díẹ̀ sì sàn ju àìṣe rárá lọ.

Okùn fífò ni mo rò pé ó bá ọ mu jù. Fi ẹsẹ̀ kan tẹ àárín okùn, kí o fa ibi ìdìmú méjèèjì sókè. Kí ó dé abíyá rẹ. Bó bá gùn jù, yóò máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè yá. Fò fún ìṣẹ́jú àáyá 30, sinmi fún 30, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Má fò ga, kí okùn ṣáà ti rí àyè kọjá. Iwájú ẹsẹ̀ ni kí o fi balẹ̀, kí orúnkún rọ̀, kí ọrùn-ọwọ́ máa yí okùn, kì í ṣe apá. Wọ kánfáàsì. Ẹni tó ń fi sílípáàsì fò lórí símẹ́ńtì, ojúgun rẹ̀ ni yóò máa dùn ún.

Àṣejù ọjọ́ kìíní ló ń ba nǹkan jẹ́. Àwọn kan á fi wákàtí kan fò lọ́jọ́ Ajé, tó bá di Ìṣẹ́gun wọn ò ní lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á sì pa okùn tì. Ìgbà ìdánwò gan-an làwọn mìíràn tún ń pa á tì, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn lọkàn nílò rẹ̀ jù. Ìṣẹ́jú 10 péré kò lè ba ìwé kíkà jẹ́. Má ṣe èyí tó le nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tán tí o fẹ́ sùn, tàbí lẹ́yìn èbà, tàbí nígbà tí ibà ń ṣe ọ́.

Bí àìróorunsùn àti àyà jíjá náà bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, eré nìkan kò tó o, Àjọkẹ́. Lọ rí dókítà ilé-ìwé, kí o sì pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ lóru.

Èmi ni,
Ìyá rẹ