Sí Àkànní, lórí egungun ìyẹ́ tí o fá jù

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Owó oṣù tó kọjá dé, mo ti fi ra sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́ta, ó ku ẹni tó máa rẹ́ ilé ìdáná. Ewúrẹ́ Bùkọ́lá bí ìbejì, akọ méjèèjì, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Òun náà ló ń bá mi tẹ lẹ́tà yìí, ojú mi kò gba fóònù mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ gbé yàrá ní London wá sílé sìnkú bàbá rẹ̀, ó sì yà kí mi ní ìsọ̀ ní Bódìjà. Ó jẹun tán, ló bá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní egungun ìyẹ́ kan tí wọ́n ní kí o fi ọwọ́ gbẹ́ fún Mosquito yín, ọkọ̀ òfurufú onígi tí ẹ ń kàn, o fá a jù ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní o wá pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn, o fá a kó dọ́gba, o sì dákẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Láti ọjọ́ náà o kò gbé ìpè mi. Ọjọ́ kọkànlá rèé.

Ṣé òótọ́ ni?

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ni ìyá tó ń ta pákó mọ̀ nípa ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí o sọ fún mi náà ni mo mọ̀. O ní igi ló pọ̀ jù lára rẹ̀, pé November 1940 ló kọ́kọ́ fò, nígbà ogun Hitler, àti pé àwọn tó ń ṣe àga ní High Wycombe wà lára àwọn tó kàn án. Inú mi dùn jọjọ lọ́jọ́ náà, mo ròyìn rẹ̀ káàkiri ọjà. O ní apá méjì ni wọ́n ń ṣe ikùn rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pákó birch tín-ín-rín lóde àti nínú, balsa tó fúyẹ́ ju arère lọ láàárín. O ní ní 2017 wọ́n rí àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ tó ju 20,000 lọ ní Broughton, nínú ilé kan tí wọ́n fẹ́ wó. Kí wá ni àwòrán fẹ́ ṣe fún ẹni tó fá igi jù tó dákẹ́?

Ti Íńdíà ni n kò gbàgbé. Ìwọ lo sọ ọ́. Ní 1944, àwọn Mosquito kan já sí wẹ́wẹ́ ní òfurufú níbẹ̀. Àwọn kan ní ooru àti òjò ló ba gọ́ọ̀mù jẹ́, gọ́ọ̀mù ìgbà náà tí wọ́n fi wàrà ṣe; àwọn kan ní ibi tí igi ti pàdé igi ni kò wọra dáadáa láti ọwọ́ àwọn tó kàn án. Mo mọ èyí tí mo gbà. Òjò kì í lè wí tẹnu rẹ̀, òun la máa ń di ẹ̀bi rù.

Ṣé o ń jẹun? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó máa ń fi àtàǹpàkò wá kókó lójú pákó láti kékeré, òun ló wá ń fi gọ́ọ̀mù bo àṣìṣe. Àbí ta lo fi jọ?

Mo ti rán Bùkọ́lá lọ ra búrẹ́dì. Èmi fúnra mi ni mò ń tẹ eléyìí, bí àmì bá kù, má bínú.

O rántí Bàbá Káfíńtà tó kọ́kọ́ fi ìfági lé ọ lọ́wọ́. O bi mí nígbà kan ìdí tó fi kó kúrò ní Ìbàdàn, mo ní Ọlọ́run ló mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ọdún tí o wọ JSS1, ó wá ra pákó òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Ó bi mí bóyá ó ti gbẹ. Ìdigbó náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó kúrò ní sọ́mìlì. Tí o bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, ó tutù rinrin. Mo ní ó ti lo oṣù mẹ́fà. Mo fi orúkọ rẹ búra. Owó ilé-ìwé rẹ ni mo ń wá.

Kí ọdún tó yí po, pákó ti lọ́, ìṣó ti tú, òrùlé já lọ́jọ́ ìpàdé àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá kan ṣẹ́ lápá, apá náà kò nà tán títí dòní. Wọ́n ní Bàbá Káfíńtà kò mọṣẹ́. Mo jókòó níbẹ̀. Mo tiẹ̀ mú owó ìtọ́jú ìyá náà wá, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ó wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan.

Ilẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wà o, Àkànní. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ráyè sá síta. Níbo ni ẹni tó wà lókè fẹ́ sá sí?

Lọ bá ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó fi pákó bo ìyẹ́ náà. Tí wọ́n bá ti bò ó, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Egungun kan ṣoṣo ni, gbẹ́ òmíràn. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, ìsọ̀ wà. Rárá, má wá, wá iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún un.

Nọ́ńbà Bàbá Káfíńtà ti wà lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ló fún mi. N kò tíì pè é.

Mo ń gbọ́ sálúbàtà Bùkọ́lá. Pè mí lálẹ́ tó bá ti sùn. Tí o bá sì fèsì síbí, má dárúkọ òrùlé.

Ìyá rẹ