Ọrùn ọwọ́ tí wọ́n ní ó kàn rọ́: ohun tí ẹjọ́ rẹ̀ dúró lé ní England

Sí Olóòtú,

Àwọn èèyàn wa ní England a máa rò pé bí ilé ìwòsàn bá ti pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé egungun ọrùn ọwọ́ kán, owó gbà-má-bínú ti dájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pípẹ́ náà ni òfin ń díye lé, ohun tí pípẹ́ náà bà jẹ́ ni.

Egungun tí wọ́n sábà máa ń fò dá ni scaphoid, kékeré kan tó wà ní ìdí àtàǹpàkò. Ẹni tó ṣubú tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ara rẹ̀ ló máa ń kán an. Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè, ẹ ó rí kòtò kan ní ìdí rẹ̀: ibẹ̀ ni dókítà gbọ́dọ̀ tẹ̀ wò. Bó bá ń dunni níbẹ̀, kí wọ́n fura, kódà bí X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ kò bá fi nǹkan kan hàn. Láti ọdún 2016 ni ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní England, ti ní kí wọ́n ro ti MRI, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ju X-ray lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí i, kí wọ́n de ọwọ́ náà, kí wọ́n sì tún un yà lẹ́yìn bí ọjọ́ 10 sí 14. Apá ọ̀nà ìka ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ egungun yìí ń gbà wọlé. Bó bá kán, èyí tó kù ní ìhà ìgbọ̀nwọ́ lè má rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, kó sì kú.

Nítorí náà, X-ray tí kò fi nǹkan hàn kì í ṣe ẹ̀bi dókítà, bó bá de ọwọ́ náà tó sì pe aláìsàn padà. Ẹ̀bi wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti tẹ kòtò yẹn, tàbí tí onímọ̀ X-ray kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó kán, tí wọn kò sì pe aláìsàn.

Yàtọ̀ sí ẹ̀bi, ẹ tún ní láti fi hàn pé ẹ̀bi náà ló fa ìpalára; èyí ló ń pa ẹjọ́ jù. Bó bá jẹ́ pé POP (símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń de egungun) ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ì bá ti mú un jinná, ṣùgbọ́n tí wọ́n wá ní láti gé díẹ̀ lára egungun ìbàdí lẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n sì fi skúrù dè é, ìyàtọ̀ yẹn ni owó náà. Bí egungun bá ti yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, tó jẹ́ pé wọn ì bá ṣe iṣẹ́ abẹ dandan, owó náà á kéré gan-an, bí ilé ìwòsàn tilẹ̀ gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹ tètè béèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, ti GP (dókítà àdúgbò yín) náà pẹ̀lú, àti àwòrán X-ray fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni wọ́n sábà ní láti fi fún yín. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù. Ẹni tó ń gbé arúgbó lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú (care), tó sì jẹ́ pé ọwọ́ tó ń lò jù ló kán, kó kọ gbogbo ohun tí kò lè ṣe mọ́ sílẹ̀.

Ọdún 3 ni òfin fún yín, láti ọjọ́ ìpalára tàbí ọjọ́ tí ẹ mọ̀, tàbí tó yẹ kí ẹ mọ̀, pé ìpalára náà lè jẹ́ láti ọwọ́ ìtọ́jú yẹn. Ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pé ọdún 18. (Scotland ní òfin tirẹ̀.) Ẹ̀sùn tí ẹ fi sun ilé ìwòsàn kò dá ọjọ́ yìí dúró. Bí agbẹjọ́rò bá sì kọ lẹ́tà ẹjọ́, oṣù 4 ni ilé ìwòsàn ní láti fèsì, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tó ku oṣù méjì kí ẹ tó wá a lọ.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú ẹjọ́ yìí,
London