Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá Ìgbọ́nà

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ọlọ́run á kẹ́ yín, á fi Àlùjáńnà ṣe ibùgbé yín. Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ yín ni mi ò ti bá yín sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀, ohun tó sì wá fà á jáde ni pé èmi náà ti ń gun máṣínnì báyìí.

Sìkútà oníná ni. Kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọdé ń fẹsẹ̀ tì o. Ẹ̀rọ méjì ló ń yí i, ọ̀kan nínú táyà iwájú, ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 60 fóòtì. Ó wúwo tó 38 kílò, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó ń sá 65 kìlómítà ní wákàtí kan. Orí ìdúró la ti ń gùn ún, kò ní àga. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà láyé ni, ẹ ó ti máa yí i po, ẹ ó máa wá ibi tí kíkì rẹ̀ wà.

Ọwọ́ ẹnì kan tó kó ẹrù dé láti Jámánì ni mo ti rà á. Láti ọdún 2019, òfin ìlú wọn ni pé irú ẹ̀ ò gbọdọ̀ sá ju 20 kìlómítà lọ lójú títì, nítorí náà ilé ẹni tó ni ín ló kàn dúró sí. Mo tú ìdí rẹ̀ wò kí n tó san kọ́bọ̀, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tí kò bá tú nǹkan wò, ìtàn ló rà. Ìsọ̀rí 16 ni bátìrì inú rẹ̀, wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Bí ó bá kún, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní 4.2 fóòtì, kí àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 67.2. Mo fi mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú ẹni tó ń tà á, òógùn bò ó. Ìkan ló rẹlẹ̀ díẹ̀ nínú wọn, mo sì gé owó sí i lórí.

Bọ̀ọ̀dá, ó dùn ún gùn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde láti Alékùwodò, nígbà tí ọ̀nà ṣì dá. Àtàǹpàkò la fi ń tẹ iná rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó sì fà mí bí ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ mú. Bí èèyàn bá nà tọ́ntọ́n lórí rẹ̀, á já a sílẹ̀ sẹ́yìn. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ó fi ìkan sẹ́yìn, kí orúnkún rọ̀, kí ó sì fi àyà kọjú sí atẹ́gùn. Nígbà tí mo fi máa dé Ọláìyá, mo ti ń rẹ́rìn-ín lójú títì lémi nìkan. Kò dún, kò rùn, kò rú èéfín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe.

Àìdún rẹ̀ yẹn náà ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn èèyàn wa, etí ni wọ́n fi ń dá títì kọjá, kì í ṣe ojú. Ìyá kan gbé igbá ẹ̀fọ́ bọ́ sójú ọ̀nà lọ́wọ́ Ọjà Ọba, kò gbọ́ mi rárá. Bíréèkì olóòróró ni mo ní níwájú àti lẹ́yìn, ìyẹn ló yọ èmi àti ìyá náà. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ so hóònù ọ̀kadà mọ́ ọn. Táyà rẹ̀ kéré, kòtò tí Vespa yín máa gbà kọjá, òun lè ṣubú sí i, nítorí náà mi ò kì í gùn ún lóru láìní iná tó tàn dáadáa, mi ò sì kì í gùn ún láìdé akoto.

Ẹ ò ní bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe bí ẹ bá mọ bí epo ṣe dà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọ̀kadà kúrò ní ohun tí mo lè máa wọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá ní Òkè-Baálẹ̀. Sìkútà yìí ò jẹ tó yúnìtì iná méjì kí ó tó kún. Tí iná ò bá sí, mo ní sólà ní ṣọ́ọ̀bù. Iná ṣì ń ṣe bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé yín. Mo rántí bí ẹ ṣe ń fi àwọn òpó gíga wọ̀nyẹn hàn mí, tí ẹ ń sọ pé Òṣogbo wa yìí ni wọ́n ti ń darí ọ̀nà iná gbogbo Nàìjíríà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ti ń darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ́ṣẹ́ iná, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ẹdẹ ni mo ń bọ̀ wá bá.

Mo lọ tún ìnfátà ẹnì kan ṣe ní Ẹdẹ. Àpò irinṣẹ́ wà lẹ́yìn mi, atẹ́gùn ń bọ̀ láti iwájú, mo sì ń kánjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Irú bátìrì yìí, bí èèyàn bá tẹ iná mọ́ ọn, ìlà tó ń fi hàn pé ó kù á wálẹ̀. Bí a bá tú ọwọ́, á tún gòkè díẹ̀, á máa tan èèyàn. Nígbà tó yá, kò gòkè mọ́. Ó gé iná kúrò fúnra rẹ̀ kí bátìrì má bàa bàjẹ́, ó sì dúró. Ibi tí ó dúró sí, Bọ̀ọ̀dá, kò jìnnà sí ibi tí ẹ fi mí sílẹ̀ sí.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń tì í. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé sìkútà yìí ò ní rìsáfù. Vespa yín ní.

Mi ò tíì gba ìwé mẹ́fà nígbà yẹn. A ń ti Ẹdẹ bọ̀, èmi àti ẹ̀yin, lórí Vespa aláwọ̀ búlúù. Ẹ ti ra búrẹ́dì kan, wàrà alágolo méjì, àti ṣúgà onípáálí, gbogbo rẹ̀ wà nínú láílọ́ọ̀nù láàárín ẹsẹ̀ yín. Mo rò pé tilé ni. Mo ti ń wò ó pé èmi ni màá jẹ ìdí búrẹ́dì náà. Vespa húkọ́, ó kú. Ẹ ní epo ti tán. Ẹ ní kí n dúró ti máṣínnì, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, pé ẹ fẹ́ lọ wá epo. Ẹ mú láílọ́ọ̀nù yẹn dání, ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wọ inú oko kòkó lọ. Mo rí iná àtùpà kan lọ́ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà, mi ò rí yín mọ́.

Ilẹ̀ ṣú. Mo di àga Vespa mú. Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lọ́nà jíjìn, ó fọn fèrè, mo sì ka gbogbo súrà tí wọ́n ti kọ́ mi nílé kéwú, mo tún wọn kà. Ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó béèrè pé ọmọ ta ni mí, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dáhùn. Mo tọ̀ sára. Nígbà tí ẹ padà dé, ẹ ò sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ò sọ pé o kú ìdúró. Láílọ́ọ̀nù ò sí lọ́wọ́ yín mọ́. Kẹ́ẹ̀gì epo náà ò sì sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ki ọwọ́ sábẹ́ àga, ẹ yí nǹkan kan báyìí, ẹ ta kíkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jí. Kí a tó dé Ìgbọ́nà ni ẹ sọ pé, "Má dárúkọ ibi tí a dúró sí fún màmá ẹ."

Mi ò dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni mo tó mọ ohun tí ẹ yí. Mẹkáníìkì oní-Vespa kan wà nítòsí wa ní òpópónà Station, mo sì máa ń jókòó tì í. Ó ń ṣàlàyé ìdí epo fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, pé ibí ni ó ṣí, ibí ni ó tì, ibí ni rìsáfù, bí epo bá tán lójú ọ̀nà, yí i síbí, á gbé ẹ délé. Ojú mi là kedere lọ́jọ́ yẹn. Epo ò tán. Tàbí bí ó bá tán, ẹ mọ̀ pé rìsáfù wà. Ibòmíràn lẹ fẹ́ lọ, ẹ ò sì fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣe mí lóore tí mi ò lè kà tán. Ẹ̀yin lẹ san owó ìkọ́ṣẹ́ mi. Ẹ̀yin lẹ dúró bíi bàbá fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi há mi lọ́fun títí. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà, ẹ̀yin lẹ máa ń pa òwe yẹn fún gbogbo ayé. Ta ni ẹ gbé búrẹ́dì wa fún? Kí ló ṣe pàtàkì nínú ilé yẹn tí ẹ fi lè fi ọmọ àbúrò yín sínú òkùnkùn ẹ̀bá ọ̀nà? Nígbà tí ẹ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn, tó ku èmi àti ẹ̀yin nínú yàrá, mo la ẹnu mi. Ẹ ní kí n bá yín bu omi. Nígbà tí mo fi bu omi dé, ìyàwó yín ti wọlé.

Ǹ bá ti jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Màmá ni kò jẹ́.

Ìgbàgbé ti mú àbúrò yín. Ọjọ́ mìíràn wà tí ó mọ̀ mí, ọjọ́ mìíràn wà tí ó máa ń pè mí ní orúkọ bàbá yín. Mo gun sìkútà dé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fọn hóònù lẹ́nu géètì, ó sì jáde wá pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, èmi ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ò tíì sọ fún ọmọ náà?"

Mo ní, "Ọmọ wo, Màmá?"

Ó wò mí, ó wo sìkútà. Ó ní òun fẹ́ lọ ro àmàlà, kí n fara balẹ̀. Kò sí iná ìdáná tó ń jó. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe gbìyànjú tó. Mo ti fọn hóònù, mo ti pe ara mi ní Bọ̀ọ̀dá fún un. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín.

Ó túmọ̀ sí pé Màmá mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi di ẹnu mi nítorí pé ẹ ní kí n má sọ fún un, ó mọ̀. Ṣé èmi ni ọmọ náà, àbí ọmọ kan wà nínú ilé yẹn?

Báyìí, àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí a gbé Màmá wá sọ́dọ̀ òun. Ó ní mi ò lè máa sáré láti ṣọ́ọ̀bù dé Òkè-Baálẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ayé, ó sì tọ̀nà, ó ti ń rẹ̀ mí. Màmá jáde lóru láìpẹ́ yìí, àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò ló mú un wálé, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó ti béèrè ìgbà tí mo máa sùn sílé mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n ta sìkútà, kí a fi owó rẹ̀ gba ẹni tó máa máa tọ́jú Màmá. Inú bí mi gan-an. Òun tí kì í wá ló ń sọ pé kí n ta ohun tó ń gbé mi débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀ fún ìpàdé. Màá sọ fún wọn pé Màmá ò lọ síbì kankan, pé bí a bá gbé e kúrò nínú ilé tó mọ̀, ìwọ̀nba tó kù nínú orí rẹ̀ á tú ká. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí mi ò ní sọ fún wọn, tí mò ń sọ fún yín, ni pé òun nìkan ló kù tó lè dá mi lóhùn, mi ò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ní Ìbàdàn ni ó ti máa sọ ọ́, sí etí ẹni tí kò mọ̀ pé ìdáhùn ni.

Kí wọ́n tó dé, lọ́jọ́ Sátidé, mo máa gba ojú ọ̀nà Ẹdẹ lọ. Bátìrì á ti kún, màá sì mú ṣájà dání. Oko kòkó yẹn ti di ilé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ṣì wà níbẹ̀. Màá bi wọ́n bóyá ẹnì kan rántí ọkùnrin tó máa ń gun Vespa búlúù wá. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n lọ, ẹ wá sọ fún mi lójú oorun kí Sátidé tó pé. Bí mi ò bá rí yín, mo ń lọ.

Èmi ni,
Ọmọ àbúrò yín, Alékùwodò, Òṣogbo.